Bí A Ṣe Lè Ṣe Ìrántí Àwọn Ológun Tó Kú Sójú Ogun

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà ti ń rántí àwọn jagunjagun rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, kí ìjọba tó gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, nítorí pé ọjọ́ náà, lọ́dún 1970, ni ogun abẹ́lé parí.

Ẹ tètè ra báàjì ìrántí. Owó rẹ̀ wà fún ìtọ́jú àwọn opó, àwọn ọmọ aláìníbaba àti àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọwọ́ Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, fúnra wọn ni kí ẹ ti rà á. Lójú tèmi, báàjì ọ̀fẹ́ tí olóyè gbà láti fi ya fọ́tò kò ṣe opó kankan láǹfààní.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ibi ayẹyẹ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín, ẹ tètè dé, torí wọ́n máa ń dí ọ̀nà. Bí wọ́n bá fun fèrè ìdágbére, ẹ dìde, ẹ dákẹ́, ẹ má sì pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí àwọn aláṣẹ bá ti fi òdòdó lélẹ̀, àwọn ọmọ ogun yóò yìnbọn sókè. Ẹ ti sọ fún ọmọdé tó bá wà lọ́dọ̀ yín ṣáájú, kí ẹ̀rù má bà á. Nígbà mìíràn, àwọn ẹyẹlé tí wọ́n ń tú sílẹ̀ á kọ̀ láti fò, àwọn ènìyàn á sì sọ ọ́ di àmì. Ẹ má bá wọn dá sí i.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà nílé. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler, ẹni tó ja ogun abẹ́lé, àti ẹni tí wọ́n rán lọ sí Liberia tàbí Sierra Leone pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò àtijọ́, kí ẹ sì wá ìwé tí wọ́n fún ológun náà nígbà tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun, nítorí nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ti ẹni tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ẹ lè wá orúkọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn tó kú nínú ogun méjèèjì náà. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, torí bí ọ̀gá ológun bá ti gbọ́ orúkọ ló ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ló fi ìlú ṣe orúkọ ìdílé nínú ìwé ológun, irú bíi Sájẹ́ǹtì Belo Akure, akọni tó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ogun àgbáyé kìíní. Bí ẹ bá rí orúkọ tó jọ ọ́, ẹ kà á sétí àwọn àgbà ilé, kí wọ́n lè sọ bóyá òun ni.