Bí mo ṣe wádìí ẹni tó kọ kóòdù tí ẹgbẹ́ méjì ń jà sí

Ẹgbẹ́ méjì tó ń kọ láíbúrárì open source (tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba) tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí ló ní aáwọ̀, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí n bá àwọn wò ó, nítorí pé mo ti bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ rí, n kò sì sí nínú èyíkéyìí nínú wọn mọ́. Ẹ̀sùn ẹgbẹ́ kìíní ni pé iṣẹ́ àwọn ni fáìlì Poly1305 (ìlànà ìṣirò tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹnìkan ti yí ọ̀rọ̀ kan padà) tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, pé ṣe ni wọ́n pa orúkọ àwọn rẹ́ lórí rẹ̀. Èsì ẹgbẹ́ kejì ni pé kóòdù gbogbo ayé ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé tòun ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, mo da kóòdù àwọn méjèèjì kọ sórí kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú gbogbo ìtàn àyípadà wọn.

Mo kọ́kọ́ gbé fáìlì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n nínú irú iṣẹ́ yìí, ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó bá kọ SHA-256, ìlànà tó ń fún dátà ní àmì ìdánimọ̀, kò lè ṣe kó má lo nọ́ńbà 64 kan náà tí gbogbo ayé ń lò, nítorí pé ìlànà rẹ̀ ló là wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ ChaCha20, ìlànà tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, gbọ́dọ̀ yí bíìtì rẹ̀ ní ipò 16, 12, 8 àti 7, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun mìíràn ló kọ. Ní ti Poly1305, orí 2^130 − 5 ni ìṣirò rẹ̀ dá lé, bí ènìyàn bá sì ń kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà bíìtì 32, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò pín nọ́ńbà náà sí ọ̀nà 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba bíìtì 26, torí pé 26 lọ́nà 5 jẹ́ 130 gẹ́lẹ́. Ìṣirò ló fa irú ìjọra bẹ́ẹ̀, kì í ṣe olè. Mo tẹ fáìlì náà sórí bébà, mo mú gègé pupa, mo sì fa ìlà sórí gbogbo ibi tí ìṣirò ti fipá mú olùkọ̀wé. Nínú nǹkan bí ìlà 300, kò ju nǹkan bí 80 lọ tó ṣẹ́kù.

Nínú 80 yìí, nǹkan bí ìdajì wá láti inú poly1305-donna, kóòdù Poly1305 kan tó wà ní gbangba, èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa lò láìsí àdéhùn kankan. Títí dé ibí yìí, ẹgbẹ́ kejì jàre. Ohun tó kù ni iṣẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú dátà tí kò tíì pé báìtì 16, nítorí pé báìtì 16, báìtì 16 ni Poly1305 ń gbà á wọlé. Ọ̀nà ogún ni a lè gbà kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí tail_pad, orúkọ àyè kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dátà. Wọ́n kéde rẹ̀ ní òkè, wọ́n fi òdo sí i nínú, kò sì sí ìlà kankan nísàlẹ̀ tó tún dárúkọ rẹ̀. Ó wà nínú fáìlì méjèèjì. Lókè rẹ̀ ni àlàyé kan wà níbi tí wọ́n ti kọ “the” lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra: “clear the the tail”. Ènìyàn méjì lè ronú kan ọgbọ́n kan náà láìmọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ ṣi ọ̀rọ̀ kọ lójú kan náà, kí wọ́n sì tún jọ gbàgbé ohun kan náà sílẹ̀ láìlò.

Ó wá ku ta ló ṣáájú. Git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù. Bí a bá pàṣẹ git log --format=fuller, Git yóò fi orúkọ méjì àti ọjọ́ méjì hàn fún commit (àyípadà tí a ti fi pamọ́ sínú ìtàn náà) kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tó kọ kóòdù, àti ti ẹni tó gbé e wọlé. N kò gbára lé ọjọ́ wọ̀nyí rárá, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọjọ́ tó bá wù ú síbẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹgbẹ́ kìíní ti gbé jáde pẹ̀lú ìbuwọ́lù ni mo lọ tú wò, tail_pad sì ti wà nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì.

Bí orúkọ náà ṣe sọnù gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Mo bi ẹni tó gbé kóòdù náà wọlé ní ẹgbẹ́ kejì léèrè, ó sì sọ fún mi láìjanpata pé git apply ni òun fi gba patch náà, ìyẹn fáìlì àyípadà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àṣẹ yìí máa ń yí fáìlì padà nìkan. Kò bìkítà fún ẹni tó fi patch ránṣẹ́. Ká ní git am ló lò, orúkọ olùkọ̀wé ìbá bá kóòdù wọlé. Nígbà tó sì ṣe commit, orúkọ tirẹ̀ ló wà níbi méjèèjì. Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni. Ohun tí n kò lè pè ní àṣìṣe ni pé ẹlòmíràn tún wá lẹ́yìn rẹ̀, ó yọ àkọlé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tó wà lórí fáìlì náà, ó sì fi ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìwé àṣẹ ISC ni ẹgbẹ́ kìíní ń lò, kò gùn, kò sì le, àfi ohun kan tó béèrè: kí àkọlé ẹ̀tọ́ àti ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà máa wà lórí gbogbo ẹ̀dà.

Ẹnìkan ní ẹgbẹ́ kejì bi mí pé kí ni ìwúlò ìlà kan ṣoṣo. Mo rán an létí OpenSSL, láíbúrárì ìsọ̀rọ̀-di-àṣírí tó gbajúmọ̀, tó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún Apache 2.0 nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde ní ọdún 2021. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi wá àwọn tó ti kọ kóòdù sínú rẹ̀ kàn, kí wọ́n lè gba ìyọ̀ǹda wọn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti sọnù, ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà wá a rí? LibreSSL, tó yà kúrò lára OpenSSL ní ọdún 2014, ṣì gbé orúkọ Eric Young lórí àwọn fáìlì tó kọ nígbà SSLeay, láíbúrárì tí OpenSSL ti ṣẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ LibreSSL àti ti OpenSSL kò gbà fún ara wọn lórí ohun púpọ̀.

Ẹgbẹ́ kìíní kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n tún ìtàn Git náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Bí a bá yí commit àtijọ́ kan padà, àmì ìdánimọ̀ gbogbo èyí tó tẹ̀lé e yóò yí padà, ìbuwọ́lù tó wà lórí àwọn ẹ̀dà tó ti jáde kò sì ní bá ìtàn tuntun náà mu mọ́. Commit tuntun ni a ṣe: a dá àkọlé ẹ̀tọ́ padà sórí fáìlì, a sọ ìlà tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kìíní àti èyí tó wá láti inú poly1305-donna, a sì kọ nọ́ńbà commit tí orúkọ ti sọnù sínú àlàyé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn lórí bóyá kí ọ̀rọ̀ “àforíjì” wà nínú àlàyé náà. Kò sí níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ kìíní yọ tail_pad kúrò nínú kóòdù tiwọn, ojú sì ń tì wọ́n díẹ̀. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kejì.