Hẹlikọ́pítà Tòkúnbọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

"Ó pé pérépéré, kẹ́ ẹ kàn ki bátìrì bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ máa gbé e fò ni." Ohun tí ẹni tó ta hẹlikọ́pítà oní-rìmóòtù fún mi wí nìyẹn. Irọ́ ńlá ni. Kó tó di pé ó ń fò láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe, owó tí mo ná lé e lórí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo rà á, bẹ́ẹ̀ tòkúnbọ̀ ni o.

Ẹ má fojú ohun ìṣeré ọmọdé wò ó. 450 ni wọ́n ń pe irú tèmi. Láti ṣóńṣó apá orí rẹ̀ kan dé ìkejì tó 70 sẹ̀ǹtímítà. Ó lè yí ju ìgbà 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ṣóńṣó apá náà ń sáré ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Iye ìgbà tí apá kékeré ìdí ìrù ń yí ní ìṣẹ́jú kan tún tó ìlọ́po mẹ́rin tiẹ̀. Ìka ọwọ́ ò lè bá a dúnàá-dúrà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ tú gbogbo apá rẹ̀ kúrò. Mo tan rìmóòtù, mo wá ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, servo, àwọn mọ́tò kéékèèké tó ń darí rẹ̀, ń gbọ́ràn, inú mi dùn. Mo wá ní kí n dán nǹkan kan wò: mo pa rìmóòtù. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀. Kàkà kó kú, ńṣe ló ń hó lọ hùùù lórí tábìlì. Mo fa wáyà bátìrì yọ, àyà mi ń já. Ká ní apá wà lórí ẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pápá ni rìmóòtù ti kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Failsafe, ètò ààbò tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àmì rìmóòtù bá já, ló yẹ kó pa á. Nínú irú rísífà tèmi, ìyẹn ohun tó ń gba àmì rìmóòtù nínú hẹlikọ́pítà, ibi tí ọ̀pá throttle tó ń mú ẹ́ńjìnnì yára tàbí falẹ̀ bá wà nígbà tí wọ́n ń so rísífà mọ́ rìmóòtù ni yóò mọ̀. Tí àmì bá já, ibẹ̀ náà ni yóò gbé ẹ́ńjìnnì sí. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn gbé ọ̀pá sókè nígbà tó ń so ó. Kí n fa ọ̀pá wálẹ̀ pátápátá kí n tún un so, ó parí. Àmọ́ kò ní gbà láìsí wáyà pélébé kan tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò rẹ̀, bind plug lorúkọ rẹ̀. Kò sí nínú páálí.

Mo pe ẹni tó tà á, ó ní kí n lọ rà á. Níbo? Mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Lágere n'Ílé-Ifẹ̀: ọ̀kan ní òun ò gbọ́ ọ rí, ìkejì na wáyà ṣájà sí mi. Ní Sábó wọ́n ní kí n gbìyànjú Ìbàdàn. Ẹnì kan l'Ékòó ní òun ní i. Mo sanwó, owó ìfiránṣẹ́ sì ju owó ọjà lọ. Nígbà tí mo gbà á ní gáréèjì, oríṣi mìíràn ló fi ránṣẹ́! Ó ní ọjà tóun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Baba arúgbó kan tó ń tún rédíò ṣe ló gbà mí. Wọ́n yẹ ojú ihò náà wò. "Ọmọ mi, èwo ni àmì, èwo ni nẹ́gétíìfù?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gé orí wáyà servo kan tó ti bàjẹ́, wọ́n so wáyà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n gé pupa àárín dànù, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. "Pupa yìí ò gbọdọ̀ kan ìkankan nínú wọn o." Kò pẹ́ rárá. Owó tí wọ́n gbà ò tó owó ọkọ̀ tí mo ti wọ̀.

Mo tún un so, mo pa rìmóòtù. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu! Mo tún un ṣe léraléra, ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ tètè dán èyí wò kẹ́ ẹ tó sanwó, lójú ẹni tó ń tà á.

Bátìrì tó bá a wá ti wú. Mo rì í mọ́ inú agolo iyanrìn lẹ́yìn ilé, mo ra tuntun, owó ẹ̀ dùn mí wọra. LiPo, irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni, 2200 mAh ni iná tó ń gbà: 2.2 ámpì ni mo fi ń ṣáàjì rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ kọjá 4.2 fóòtì (volt). Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí: aago méjì òru ni wọ́n á mú un wá, á máa ṣe èèyàn bíi kó ki ṣájà bọ̀ ọ́ kó padà sùn. Èmi ò jẹ́ dán an wò. Ó lè gbiná. Inú ìkòkò amọ̀ lórí sìmẹ́ńtì ni mo ń gbé e sí, màá sì jókòó tì í. Ìyàwó mi ní mo ti di bàbá ọlọ́dẹ.

Fífò fúnra rẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń kọ́ ọ lẹ ó ṣe kọ́ ọ. Ẹ ṣáà dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó jìnnà sí yín dáadáa, kẹ́ ẹ sì tẹ throttle hold, bọ́tìnì tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ orí pápá gan-an ni ìyọnu mi. Bó ṣe ń balẹ̀ ni wọ́n ń sáré bọ̀: "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e!" Mo ti wá fi èyí tó dàgbà jù nínú wọn ṣe ọlọ́pàá. Ẹ̀yìn ojú góòlù ló ń dá àwọn yòókù dúró sí, títí màá fi yọ bátìrì, tí màá sì pa rìmóòtù kẹ́yìn. Owó bisikíìtì ló ń gbà, ó sì ti ní kí n fi kún un.