Kòtò Mẹ́ta Nínú Àfonífojì Kan: Bí Mo Ṣe Ka Erùpẹ̀ Gíránáìtì ní Òkè Sierra Nevada

Iṣẹ́ tí mo gbé ka iwájú ara mi ní oṣù Keje kò pọ̀ lójú. Mo fẹ́ gbẹ́ kòtò mẹ́ta nínú àfonífojì kan ṣoṣo, lápá ìlà-oòrùn òkè Sierra Nevada ní ìpínlẹ̀ California, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá sábà máa ń sọ pé kò sí erùpẹ̀ gidi níbẹ̀, pé yanrìn àti òkúta lásán ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú àfonífojì náà ló jẹ́ pé ara gíránáìtì ló ti já wá. Bí erùpẹ̀ ibẹ̀ bá sì yàtọ̀ síra láti ibì kan sí ibòmíràn, a jẹ́ pé kì í ṣe òkúta ló fa ìyàtọ̀ náà.

Gíránáìtì òkè yìí jẹ́ òkúta yíyọ́ tó tutù tó sì le sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 120 sí mílíọ̀nù 85 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí òkè ti ga, òjò dídì tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè yọ́ tán bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lọ́dọọdún, ó ń nípọn sí i, títí tó fi di yìnyín gbagidi tó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba inú àfonífojì. Odò yìnyín ni mo ń pè é. Ó ń fa òkúta tu, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń gbé e lọ, nígbà tó sì yọ́ tán, ó da gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní òkìtì gígùn gígùn tí a ń pè ní mórénì. Ní ọdún 1931, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta kan, Eliot Blackwelder, pín àwọn mórénì òkè yìí sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ bí wọ́n ṣe dàgbà jura lọ, ó sì sọ wọ́n lórúkọ. Méjì nínú orúkọ náà, Tioga àti Tahoe, ló kan iṣẹ́ mi. Odò yìnyín ìgbà Tioga dé góńgó rẹ̀ ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn. Ti ìgbà Tahoe ti ṣáájú rẹ̀ jìnnà réré. Nínú àfonífojì tí mo yàn, òkìtì méjèèjì wà nítòsí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì láàárín ìdajì wákàtí.

Ilẹ̀ ìjọba ni, Inyo National Forest ló sì ń bójú tó o, nítorí náà mo kọ̀wé gba àṣẹ kí ṣọ́bìrì mi tó kan ilẹ̀. Mo kó ṣọ́bìrì kan lọ, òòlù, ọ̀bẹ, téèpù ìwọnlẹ̀, ìwé àwọ̀ Munsell tí a fi ń dárúkọ àwọ̀ erùpẹ̀, asẹ́ olójú mìlímítà 2, ìgò ásíìdì kékeré, ìwé ìdánwò pH tó ń fi hàn bí erùpẹ̀ ṣe kan tó (bí iye rẹ̀ bá ṣe kéré sí 7 tó ni ó ṣe kan tó), tẹmómítà gígùn kan, ìgò onídèérí mẹ́ta àti omi púpọ̀. Mo tún mú tapólì, kí erùpẹ̀ tí mo bá hú jáde má bàa dà sórí koríko.

Yíyan ibi tí mo máa gbẹ́ gba àkókò ju gbígbẹ́ rẹ̀ lọ. Àṣìṣe tí ó rọrùn jù láti ṣe lórí mórénì ni kí èèyàn gbẹ́ kòtò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ó rọrùn láti dé. Erùpẹ̀ kì í dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èyí tó wà lókè ń ṣàn wá sísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí a máa bá ní ìdí òkìtì lè jẹ́ àkójọ ohun tí òjò gbá wálẹ̀ láti òkè. Orí òkìtì gan-an ni mo wá, níbi tó tẹ́jú díẹ̀, tí kò sí ihò ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí gbòǹgbò igi tó ṣubú, kí ó lè dá mi lójú pé ohun tó wà níbẹ̀ ti ń dá dúró láti ìgbà tí yìnyín ti fi í sílẹ̀.

Kòtò àkọ́kọ́ wà lórí òkìtì Tioga. Òkúta tó wà lójú ilẹ̀ níbẹ̀ ṣì mọ́, igun rẹ̀ ṣì mú. Nígbà tí mo fi òòlù kàn án, ó ró kọ́ńkọ́, òòlù náà sì ta padà sí mi lọ́wọ́. Mo gbẹ́ ẹ dé sẹ̀ǹtímítà 90, mo fi ọ̀bẹ họ ògiri kan nínú rẹ̀ títí ó fi mọ́, mo ta téèpù sí i, mo sì ya àwòrán rẹ̀ kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 9 àkọ́kọ́ dúdú díẹ̀, gbòǹgbò tín-ín-rín pọ̀ nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ eérú tó fẹ́ pọ́n rúsúrúsú ni, kò sì yí padà mọ́. Mo bu díẹ̀, mo fi omi rẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbìyànjú láti nà án láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Kò gbà rárá. Ó fọ́ yángá. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni mica, àwọn pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ inú gíránáìtì tó ń dán bíi wúrà nínú oòrùn. Nígbà tí mo sẹ́ kílò 10 erùpẹ̀ náà, kílò 4 àti ààbọ̀ ló kù sórí asẹ́. Mo kán ásíìdì sí i, kò hó, èyí tó fi hàn pé kò sí èròjà ẹfun nínú rẹ̀. pH rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 6.

Bí mo bá dúró sí kòtò yìí, ǹ bá gbà pé òótọ́ ni àwọn tó ń sọ pé yanrìn lásán ni.

Kòtò kejì, tí ó wà lórí òkìtì Tahoe, ló yí èrò mi padà. Kí n tó gbẹ́ ohunkóhun ni mo ti rí i pé òkúta ńlá kò pọ̀ lójú ilẹ̀ níbẹ̀ mọ́, àwọn tó kù sì ti rí rubutu. Mo kan ọ̀kan lóòlù, kò ró kọ́ńkọ́. Ó dún gbò, bí ẹni ń lu ìkòkò tó ti sán. Nínú kòtò náà, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40, mo bá òkúta gíránáìtì kan tó tóbi tó orí èèyàn pàdé. Mo rò pé ó máa dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì gé e kọjá bí ẹni gé iṣu sísè. Ìlà àti àmì ara òkúta náà ṣì pé, mo ṣì lè ya àwọn hóró funfun sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn dúdú, síbẹ̀ nígbà tí mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó di òkúta wẹ́wẹ́ pátápátá.

Ohun dúdú tó ń jẹ́ biotite, tí í ṣe ọ̀kan nínú ìran mica, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbàjẹ́ yìí. Irin wà nínú rẹ̀. Bí omi àti atẹ́gùn bá ti dé ibẹ̀, irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, biotite á sì wú. Wíwú rẹ̀ kò tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n àárín òkúta ni ó ti ń wú, ó sì ń ti àwọn hóró tó yí i ká sẹ́yìn títí wọ́n á fi là kúrò lára wọn. Lẹ́yìn èyí ni omi tó rí àyè wọ inú òkúta, tí feldspar, ìyẹn hóró funfun inú gíránáìtì, sì ń di amọ̀ díẹ̀díẹ̀. Quartz, hóró líle tó dà bíi gíláàsì nínú òkúta náà, kì í yí padà. Òun ló ń di yanrìn. Nítorí náà ni erùpẹ̀ gíránáìtì ṣe máa ń kún fún yanrìn níbi gbogbo, òtútù orí òkè sì tún ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú ilẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tẹmómítà tí mo kì bọ ògiri kòtò ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50, níbi tí ooru ọjọ́ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, kò ju 9 lọ. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, tí òjò dídì tún ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, ó yé mi ìdí tí 20,000 ọdún kò fi tó láti ṣe ju ohun tí mo rí nínú kòtò àkọ́kọ́ lọ.

Ìpele kan wà nínú kòtò kejì tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Láti sẹ̀ǹtímítà 14 dé 60, erùpẹ̀ náà pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ó ń dì mọ́ra díẹ̀, nígbà tí mo sì rẹ́ ẹ lómi, ó nà láàárín ìka mi dé sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ kó tó já. Inú mi dùn gidigidi. Amọ̀ nìyẹn, amọ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí yìnyín da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, tí òkúta fúnra rẹ̀ bí lẹ́yìn ìgbà náà.

Kòtò kẹta wà ní òkè àfonífojì, nínú pápá koríko tútù kan. Mórénì ló ti kọ́kọ́ sé omi mọ́bẹ̀ tó di adágún, adágún náà sì kún díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ilẹ̀ tí koríko ń hù lé lórí. Mo fi ọ̀bẹ gé koríko ojú ilẹ̀ ní odindi, mo tò ó sórí tapólì létòlétò kí n lè dá a padà. Sẹ̀ǹtímítà 25 àkọ́kọ́ dúdú kirikiri, ó rọ̀, ó kún fún gbòǹgbò àti ewé tí kò jẹrà tán, torí pé omi àti òtútù kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí ṣe iṣẹ́ wọn parí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá ohun tí odò yìnyín lọ̀ kúnná bí èlùbọ́: erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ eérú, tí ń yọ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kì í lẹ̀ bí amọ̀. Ìlà pupa rúsúrúsú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú eérú náà, nígbà tí mo sì fi ọ̀bẹ tọpa ọ̀kan nínú wọn, mo rí i pé ihò tí gbòǹgbò kan ti gbà kọjá ni. Níbi tí omi ti kún tí atẹ́gùn kò dé, irin inú erùpẹ̀ ń yọ́ mọ́ omi, erùpẹ̀ á sì ṣá di aláwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ń mú atẹ́gùn díẹ̀ wọlé, ibi tí atẹ́gùn náà bá kàn ni irin ti ń dógùn-ún padà. Ní sẹ̀ǹtímítà 55, omi sun wọ inú kòtò, n kò lè gbẹ́ mọ́. pH ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 5.2 lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni mo rí àṣìṣe mi. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé hóró funfun wẹ́wẹ́ tó pọ̀ nínú ìpele òkè kòtò kìíní àti ìkejì jẹ́ feldspar, ó sì dá mi lójú, torí pé feldspar funfun, ó sì wà nínú gíránáìtì. Mo bu erùpẹ̀ ìpele òkè kòtò Tioga sínú abọ́, mo da omi sí i, mo rò ó. Yanrìn lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn hóró funfun náà léfòó. Feldspar kì í léfòó láyé. Mo fi ìka mú ọ̀kan, mo wò ó lábẹ́ gíláàsì amúǹkantóbi, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bíi kànrìnkàn. Òkúta fúyẹ́ tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde ni. Àwọn òkè ayọnáyèéfín Mono Craters kò jìnnà síbẹ̀, èyí tó bú gbẹ̀yìn láàárín wọn sì bú ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn.

Mo padà lọ sídìí kòtò méjèèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún ìpele òkè wò, mo fagi lé ohun tí mo kọ, mo sì kọ òmíràn. Ó ká mi lára, torí àṣìṣe náà kì í ṣe ti orúkọ òkúta nìkan. Bí ìpele òkè bá ní ohun tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti òkè ayọnáyèéfín nínú, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni mo máa fi wọn ọjọ́ orí mórénì. Ìpele pupa abẹ́ rẹ̀ ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ó tún ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú erùpẹ̀ kíkúnná tó wà lókè jẹ́ eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa máa ń ki ilẹ̀ ní Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Orí tí mo ń yẹ̀ wò yìí ti gba ohun ọ̀ṣọ́ láti ọ̀dọ̀ àlejò, èmi sì ń pè é ní tirẹ̀.

Mo dí kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe wà: erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, ti òkè ló gbẹ̀yìn, mo sì dá koríko pápá náà padà ní ẹyọ ẹyọ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo bu omi wọ́n ọn.

Kí n tó dí wọn, mo bu erùpẹ̀ láti ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò mẹ́ta, mo da omi àti ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí i kí hóró wọn lè tú kúrò lára ara wọn, mo mì wọ́n pọ̀, mo sì gbé wọn kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Omi inú ìgò Tioga ti mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, yanrìn rẹ̀ sì tò sísàlẹ̀ bí ìrẹsì. Ti pápá koríko gba òru ọjọ́ kan kó tó tòrò. Nígbà tí mo fi máa gbé àwọn ìgò náà sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ìgò Tahoe sókè wo oòrùn, omi rẹ̀ ṣì pọ́n, n kò rí ìka mi láti òdìkejì.