Tí Ọlọ́pàá Bá Mú Yín, Ẹ Má Kánjú Sáìn Sítétímẹ́ǹtì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bàjẹ́ ní tésàn kó tó dé kóòtù rárá.

Ara àbúrò mi ọkùnrin ni mo ti rí i. Wọ́n ní ó ra jẹnẹrétọ̀ olè, ìgbà tí mo dé tésàn, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ti ń bá a kọ sítétímẹ́ǹtì, Yorùbá lọmọ yẹn ń sọ, òyìnbó ni wọ́n ń kọ, wọ́n wá ti bébà síwájú ẹ̀ pé kó sáìn. Mo ní ẹ jẹ́ n kà á ná. Ohun tó sọ ni pé òun ò mọ̀ pé wọ́n jí i, ohun tó wà nínú bébà ni pé ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹjọ́ yẹn wà o, torí kí wọ́n tó lè dá èèyàn lẹ́bi pé ó gba ẹrù olè, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé wọ́n jí i ni.

Torí náà, ohun àkọ́kọ́, ẹ bèèrè pé kí lẹ ṣe. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 35, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín kí wákàtí 24 tó pé, ní èdè tó yé yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ fi máa rí lọ́yà bá sọ̀rọ̀. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sá, ẹ kàn rọra sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí lọ́yà mi kí n tó kọ nǹkan kan." Tẹ́ ò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá èèyàn wá lọ́yà, wà, ní Èkó OPD (Office of the Public Defender) tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn náà wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ẹni tí ò ní. Òfin ACJA ti 2015, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tiẹ̀ gbà kí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tẹ́ ẹ bá yàn jókòó tì yín tẹ́ ẹ bá ń kọ sítétímẹ́ǹtì.

Òfin yẹn náà ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú ìyá torí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí gbèsè lásán ti èèyàn mọ́lé.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní ẹ ṣe é, kíákíá ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, ibi tẹ́ ẹ wà, ẹni tẹ́ ẹ jọ wà, aago mélòó, kí ọlọ́pàá lè lọ wádìí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa á mọ́ra di ọjọ́ kóòtù, adájọ́ lè má gbà á gbọ́ mọ́.

Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí tésàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Béèlì tésàn, ọ̀fẹ́ ni, obìnrin náà lè dúró fún yín. Tí wọ́n bá ti ka ẹ̀sùn, tí ò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, ẹ ò ní sanwó ẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní "sọ pé o jẹ̀bi kó lè tètè parí", mo bẹ̀ yín! Olùpẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ jẹ̀bi láìsí iyèméjì, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ò jẹ̀bi.

Ẹ wá nọ́ńbà lọ́yà kan lónìí, ẹ há a sórí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà fún ará ilé, torí ní tésàn, fóònù yín ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà.