Bí a ṣe mú àwọn ọmọ àdúgbò wa dé ìdí ìwé kíkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ pírámárì 4 àti 5 ní ilé ìwé ìjọba àdúgbò wa n'Íbàdàn ni kò lè ka gbólóhùn kan já. Àwọn èèyàn a máa pè wọ́n ní olódo. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n kàn ń gbé wọn gun kíláàsì ni, kò sẹ́ni tó dúró wò ó bóyá wọ́n mọ a-b-d. Ìdí nìyẹn tí àwa mélòó kan fi kóra jọ, tí a lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà. Ìyá náà tẹ́wọ́ gbà wá, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà tí àjọ Pratham ń lò n'Íńdíà la tẹ̀ lé: ibi tí ọmọ kà dé ni wọ́n fi ń pín wọn, kì í ṣe kíláàsì. Ìdánwò la kọ́kọ́ ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ojú má baà ti ọmọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bébà kan péré ni: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "bàtà", gbólóhùn, lẹ́yìn náà ìtàn kúkúrú. Ibi tó bá há sí la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Yorùbá la fi kọ́ wọn, torí òun ni wọ́n ń sọ nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ n'Ífẹ̀ láti 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún 6 alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Gb" ló gba sùúrù jù. Ọmọbìnrin kan a fi ìka sórí g, a pè é, a sún ìka sórí b, a pe ìyẹn náà, "gbálẹ̀" á wá di "gì-bálẹ̀". Mo gé páálí, mo kọ méjèèjì pọ̀ sórí ẹyọ kan, mo ní kó fi ìka méjì bò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà kó tó la ẹnu. Ọjọ́ tó pè é geere, òun fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí gan-an niṣẹ́ wà. Lẹ́yìn ìjáde ilé ìwé la fẹ́ máa kọ́ wọn, ìgbà yẹn sì làwọn ọmọ ń kiri ọjà. Ìyá kan tí wọ́n ń ta fùfú sọ fún mi níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé, "Àǹtí, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n bí ò bá tètè dé, ta ni yóò bá mi kiri?" Mi ò bá wọn jiyàn. Òfin UBE, ìyẹn òfin ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ lo ọdún 9 nílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ òfin ò ní bá wọn wá oúnjẹ alẹ́. A bẹ ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n sì yọ̀ǹda wákàtí tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó jáde fún wa. Láti ìgbà náà làwọn ọmọ ti ń pé.

Nígbà tí sáà parí, a tún ìdánwò ọ̀hún ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó há sí lẹ́tà ti ń ka ọ̀rọ̀, àwọn kan ti ń ka ìtàn. Àwọn tí kì í wá déédéé ò tíì kúrò lójú kan. Ilé wọn là ń lọ báyìí láti bá òbí wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà pírámárì 4 fúnra wọn ti gba àwọn ọmọ tó ṣì há sí lẹ́tà láti máa kọ́ wọn. Ìwé ìtàn Yorùbá tó ní àmì ohùn dáadáa la ṣì ń wá kiri, èyí tó wà nílẹ̀ ò kárí.