Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Lódò Ṣábẹ̀ẹ́ Nígbà Tí Omi Bá Ń Fà

Òjò ti ń dín kù ní Ṣábẹ̀ẹ́ wa nílẹ̀ Benin, ọ̀nà oko ti ń gbẹ, àwọn èèyàn sì ti ń tú ìwọ̀ àti àwọ̀n wọn kalẹ̀ láti orí àjà. Láti ìgbà tí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà títí ọyẹ́ yóò fi dé, mi ò mọ ìgbà tí ẹja pípa dùn tó báyìí lórí odò Wẹ̀mẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní Ouémé, àti lórí Òpárá tó wà níhà ìlà-oòrùn wa. Síbẹ̀, ọdọọdún ni mo ń rí ẹni tó jókòó sétí odò láti àárọ̀ dalẹ́ tó mú epìyà mẹ́ta relé, nígbà tí agbọ̀n ẹni tí kò jìnnà sí i ti kún. Ìdẹ kan náà ni wọ́n lò. Ibi tí wọ́n jókòó sí ló yàtọ̀.

Àṣìṣe tó ń pa wá lára jù nìyẹn: kí èèyàn padà síbi tó ti rí ẹja lóṣù tó kọjá. Nígbà tí odò kún, omi wọ inú koríko, ó wọ àkùrọ̀, àrọ̀ sì tẹ̀ lé e wọlé lọ yé ẹyin síbẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ fún un níbẹ̀, kì í wù ú láti jáde. Ìgbà tí omi bá ń fà ló ń padà sínú odò gan-an, kí ilẹ̀ má baà gbẹ mọ́ ọn lórí. Kì í sì í gba ibi gbogbo jáde. Ojú ìṣàn kéékèèké tí omi àkùrọ̀ ń gbà padà sódò ló ń tọ̀. Ẹnu ìṣàn wọ̀nyí ni kí ẹ wá, kì í ṣe abẹ́ igi tí ibòji rẹ̀ tù yín lára.

Àbúrò mi kan tó wà ní Kánádà máa ń sọ fún mi nípa sámọ́nì tiwọn. Àkókò yìí kan náà ni ẹja yẹn ń ti inú òkun gòkè odò lọ yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, kì í sì í fẹ́ẹ́ jẹun mọ́ bó bá ti kúrò nínú omi iyọ̀. Tiwa yàtọ̀. Tiwa ti yé ẹyin tán, ó ń bọ̀ láti inú koríko, ebi sì ń pa á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí ẹ rí lórí fóònù nípa ẹja òyìnbó ṣì yín lọ́nà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń bọ̀? Ẹ gún igi kan sétí omi nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí omi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ti fi àmì sílẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹja ń rìn nìyẹn. Bí omi bá dúró sójú kan, tàbí tó gòkè, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ má wo ojú ọ̀run Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan o. Apá òkè, níhà Pàrákú, ni Òpárá ti ń ṣàn wá. Òjò tó rọ̀ lọ́hùn-ún lè gbé omi sókè lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn.

Ọ̀sán gangan kọ́ ni kí ẹ lọ dẹ àrọ̀. Òru ló ń jẹun jù, irùngbọ̀n rẹ̀ ló sì fi ń wá oúnjẹ nínú omi tó dà bí ẹrẹ̀. Ekòló dára fún un. Àwọn àgbà apẹja a tún máa gé ọṣẹ ìfọṣọ sẹ́nu ìwọ̀ tí wọ́n bá ta okùn gígùn sílẹ̀ mọ́jú. Ó ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹja ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí wàyí. Bí àwọn kan bá ti mọ ẹnu ìṣàn yìí tán, àwọ̀n olójú kéékèèké ni wọ́n ń nà dí i láti etí kan dé ekejì. Gbogbo ọmọ àrọ̀ tí ọdún yẹn bí ló ń há síbẹ̀, èyí tí kò tó ìka ọwọ́. Ta ni yóò rà á? Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdajì ìṣàn sílẹ̀, kí ẹ sì lo àwọ̀n tí ìka mẹ́ta yín lè gba ojú rẹ̀ kọjá.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sóko òwú, tí àwọn kan ń dà sínú adágún kí ẹja lè léfòó. Òfin ẹja pípa ilẹ̀ Benin ti ọdún 2014 kọ̀ ọ́. Ká tilẹ̀ ní òfin kò sí, omi tí a fi májèlé sí níhìn-ín ò dúró níhìn-ín: Òpárá ń ṣàn sínú Wẹ̀mẹ̀, Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn gba Bonou àti Adjohoun, títí dé ọ̀sà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ọmọ ẹlòmíì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà.

Etí odò náà ń tan ni jẹ. Nígbà tí omi kún, òun ló ń ti ilẹ̀ ró. Bó bá ti fà, ilẹ̀ tó ti mumi yó yìí á dúró bí ògiri tó ti jẹrà nísàlẹ̀. Ọdún kan, mo dúró ní góńgó etí odò láti ju ìwọ̀, ilẹ̀ là lẹ́sẹ̀ mi, èmi àti òun jọ wọ omi ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó wà nítòsí tó na àjẹ̀ ọkọ̀ sí mi. Ẹ jìnnà sétí níwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì ó kéré tán, ẹ má dá lọ, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ará ilé. Bí àwọn tó ń gbé létí odò bá ní erinmi wà níbì kan, ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀gún. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì, wọ́n sì máa ń dúró gbọnyin bí ẹja náà bá bínú. Ẹni tó bá fi ìkánjú gbá a mú lọ́wọ́ òfìfo yóò sunkún. Ẹ fi aṣọ dì í mú lẹ́yìn orí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á tán, ẹ má kó gbogbo ẹja sínú ọ̀rá kan náà lábẹ́ oòrùn. Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú agbọ̀n tí ẹ fi ewé tútù bò, bí ẹ bá ń wọ́n omi sí i. Epìyà àti ọ̀bọ̀kún kò ní irú èémí bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ìfun wọn yọ níbẹ̀ létí odò, ẹ fi iyọ̀ sí wọn, kí wọ́n sì ti wà lórí iná kó tó di ọ̀sán.