Bí ẹ ṣe lè mú kí ìjọba fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn aboyún

Ọdún 27 ni mo fi gbẹ̀bí. Tí ẹ bá kàn sọ fún ìjọba pé "àwọn aboyún ń kú," wọn á bá yín kẹ́dùn, ó parí. Àkọsílẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, àdúgbò, wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n fi gbé obìnrin náà. Ojú ìwé kan nínú tèmi kà báyìí: "Ọ̀kadà. Aago méjì òru. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn." Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọnọ́rébù wa kà á, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ gbé ojútùú dání pẹ̀lú, kó sì kéré níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ètò Abíyè ní Ondo: ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, Ifẹdọrẹ, ni Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko, tóun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó tàn án káàkiri ìpínlẹ̀.

Ẹ lọ kí wọ́n tó kọ ìṣúná o! Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé èló ló dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ìyálọ́jà àti baálẹ̀ tẹ̀ lé yín. Olóṣèlú mọ iye ìbò tó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la lọ kí fíríìjì ẹ̀jẹ̀ tó dé.